Àkàrà Kajú Níwájú Ẹgbẹ́ Aláró

Ègé ápù kan ló kó bá mi. A ò tíì wọ ọdún 1980 nígbà náà, mo sì ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní kẹ́mísìrì rán mi lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìbarà pé kí n lọ bá òun gbé ìwé tí òun gbàgbé. Ìyàwó rẹ̀, tó ti gbé ìlú Òyìnbó fún ọdún mélòó kan, wà nídìí iná, ó ń dín nǹkan. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ó ní kí n jókòó, ó sì fi nǹkan róbótó kan sínú abọ́ fún mi. Ó gbóná, ó ní ihò láàárín, ṣúgà sì wà lórí rẹ̀.

Mo bù ú jẹ. Ara rẹ̀ ń dún wómúwómú, inú rẹ̀ rọ̀, ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Mi ò tíì gbé e mì tán tí mo fi bi í pé kí ni.

"Àkàrà ápù ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, báwo lẹ ṣe gé e nípọn tó?"

Ó wò mí. "Bí ìka ọwọ́ mi tó kéré jù yìí."

"Ìṣẹ́jú mélòó ló lò nínú òróró?"

"Méjì lápá kan, ọ̀kan àbọ̀ lápá kejì. Gbọ́ ná, ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí o fẹ́ fi ṣe ìdánwò?"

Méjèèjì ni mo fẹ́. Mo jẹ mẹ́ta, mo dúpẹ́, mo sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ṣúgà lẹ́nu àti ọwọ́ òfo. Olùkọ́ náà bi mí pé ìwé òun dà. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé ìwé ni wọ́n rán mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ìwé ìkọ̀wé kan tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Gbogbo ohun tí mo bá dín ni mo ń kọ síbẹ̀: bí ègé ṣe nípọn tó, iye ìgbà tí mo kà kí n tó yí i padà, iye tó jáde dáadáa àti iye tó bàjẹ́. A ṣì máa ń rí ápù rà ní Kútọ̀ nígbà náà, lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e ká ìdí ọkọ̀ Èkó. Ìgbà mọ́kànlá ni mo dín in kí ápù tó pòórá. Wọ́n ní ìjọba ti dínà ọjà òkèèrè. Àwọn tó ń ta ápù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọsàn, wọn ò tiẹ̀ bá mi kẹ́dùn.

Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mò ń dúró de èsì ìdánwò, mi ò sì níṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán èso tó wà nítòsí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ́pẹ yọ́ sínú òróró, ó fi aṣọ fúláwà rẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbín tó sá kúrò nínú ìkarahun. Ọ̀pẹ òyìnbó ta òróró sí mi lápá níbi mẹ́rin. Mo dín gúáfà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ ẹyọ kan, ó wá bi mí bóyá mo ti fọ́ àpáta Olúmọ sínú rẹ̀. Ti àgbálùmọ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà la jọ jẹ ẹ́, ètè wa sì lẹ̀ mọ́ra títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.

Aláró ni ìyá mi, ní àgbàlá wa ní Aké. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò fi láfún se ẹ̀kọ tó ki, yóò wá fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ náà sórí aṣọ funfun ní oríṣiríṣi àwòrán, kí aró má baà wọ ibi tó yà. Igi ìdáná rẹ̀ ni mò ń lò, láfún rẹ̀ ni mò ń bù, èéfín mi ló sì ń rú sí aṣọ tó sá. Ó ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí wá. Ní ọjọ́ tó bá páànù àgbálùmọ̀ nílẹ̀, tí kò sì ṣeé ha, ó pè mí.

"Mo ti bá obìnrin aránṣọ kan sọ̀rọ̀ ní Kútọ̀. Ó ní kó o máa bọ̀."

Mo mọ obìnrin náà. Mo ti lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta rí. Odindi ọdún àkọ́kọ́ ni ọmọ iṣẹ́ fi ń ṣẹ́ etí aṣọ, láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo rán etí aṣọ oníbàárà mọ́ aṣọ tí èmi fúnra mi wọ̀.

"Màámi, ẹ ṣàánú mi. Ó ku díẹ̀ kí n rí èso tó máa ṣe é."

"Díẹ̀ wo? Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ku díẹ̀." Ó ronú, ó sì na ìyẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi. "Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, ilé wa ni ẹgbẹ́ ń pàdé sí. Ìwọ ni o máa ṣe ìpanu. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, tí àwo mọ́, mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ páànù rẹ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, lọ́jọ́ Ajé ni o máa gbé àpótí ìjókòó rẹ lọ bá aránṣọ. Ìwọ alára ò sì gbọdọ̀ bá wọn jẹ níbẹ̀. Ẹnu tìẹ kì í ṣe ẹ̀rí."

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláró ló ń sọ, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé ní Kọ́bapẹ́, Màmá Kọ́bapẹ́ la sì ń pè é. Igi kajú pọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wá mú aṣọ lọ́dọ̀ ìyá mi, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ kajú kan bọ̀ fún wa, pupa àti yẹ́lò. Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń fi kajú ṣe. A ó yọ kóró rẹ̀ sọ́tọ̀ láti yan, a ó fa omi ara èso rẹ̀ mu díẹ̀, a ó sì da ìyókù sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ó máa ń ha ọ̀fun, omi rẹ̀ sì máa ń ba aṣọ jẹ́ títí láé. Nínú ilé aláró, ẹ̀ṣẹ̀ kejì yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo gbé ọ̀kan sétí iná láìní ìdí kan pàtó. Nígbà tó gbóná, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì dìde dúró. Mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá mi lójú. Òórùn kíṣìnì Ìbarà ni.

Mo gé ègé mẹ́wàá, mo rì wọ́n sínú fúláwà pípò, mo jù wọ́n sínú òróró. Kí n tó ka ogún, mẹ́sàn-án ti bọ́ra sílẹ̀. Aṣọ ń léfòó lókè, kajú wà ní ìhòòhò nísàlẹ̀ páànù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ti búra pé òun ò ní ràn mí lọ́wọ́, ó sì ń gba ẹ̀yìn mi kọjá láìwẹ̀yìn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dúró. Ìyẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ sì ń kán lára ìyẹ́ náà. Kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló máa ń ya ẹ̀kọ sórí aṣọ tó tutù?"

"Màámi, kajú ni, kì í ṣe aṣọ."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ohun tó bá tutù, ẹ̀kọ ò ní dì í mú. Nù ún gbẹ. Bu láfún gbígbẹ lé e, kó fa omi tó kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó wọṣọ fún un." Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó bù nínú fúláwà mi, ó gbé e sókè, ó wo bó ṣe ń ṣàn, ó sì pòṣé. "Omi ni èyí. Ẹ̀kọ tó dáa, bó o bá gbé e sókè, wàá ka ẹní, èjì, ẹ̀ta kó tó já bọ́."

Mo sáré lọ mú ìwé ìkọ̀wé mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ó ti ń padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Mi ò ràn ẹ́ lọ́wọ́ o," ló sọ láìyíjú padà. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ ni mò ń sọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá jáde pẹ̀lú aṣọ lára.

Ohun tó kù ni híha ọ̀fun. Láfún dín in kù díẹ̀, kò tán. Mo rẹ ègé sínú omi iyọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó tún dín kù, kò tán síbẹ̀. Mo fi ooru bọ̀ ọ́, ó rọ̀ jù. Mo fi ṣúgà kún un, ó wá dùn, ó sì ń ha ọ̀fun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo po tíì, ó dúdú jù, ó fún ahọ́n mi pọ̀. Mo da mílíìkì sí i, ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé ife náà dání, mo ń wò ó. Bí tíì yẹn ṣe ń ṣe ahọ́n gan-an ni kajú ń ṣe é. Bí mílíìkì bá lè tu ti tíì, kí ló dé tí kò ní tu ti kajú?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tó ti dàgbà tó láti dá wẹ̀ ló mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ kajú, tó sì fi mílíìkì lé e, ó di òkú. Wọ́n ti sọ fún wa nípa ọkùnrin kan tó jẹ kajú láàárọ̀, tó mu mílíìkì lọ́sàn-án, tí wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Nílé tiwa, Ìjẹmọ̀ ni ọkùnrin náà kú sí. Nílé kejì, Ìtòkò ni. Màmá Kọ́bapẹ́ ní Ṣágámù ni tòun kú sí, pé ẹni tó mọ ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún òun. Ọkùnrin kan ṣoṣo, ibojì mẹ́ta.

Mo pinnu láti fi ara mi ṣe ìdánwò. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ègé kajú kan àti ṣíbí tíì kan ti mílíìkì. Kí n tó jẹ ẹ́, mo kọ ìwé kékeré kan sábẹ́ ìrọ̀rí mi: "Bí ẹ bá bá òkú mi, kajú ni. Ẹ má fi páànù mi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ." Mo jẹ ẹ́, mo dùbúlẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé àyà, mo ń retí. Oorun ló gbé mi lọ. Ìyá mi ló jí mi, ó ní kí n lọ pọn omi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lo ṣíbí méjì. Lọ́jọ́rú, mẹ́rin. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, mo ti ń rẹ ègé kajú sínú mílíìkì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, kí n tó nù ún, kí n tó bu láfún sí i, kí n tó wọṣọ fún un. Kò ha ọ̀fun mọ́ rárá. Mo ya ìwé abẹ́ ìrọ̀rí, mo sì fi dáná.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa fẹnu kàn án, aránṣọ sì ń dúró dè mí. Mo ti jẹ ẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, mo sì gbà pé bí ikú kan bá wà nínú rẹ̀, èmi ni ì bá ti kọ́kọ́ mú.

Sátidé ìpàdé pé. Àwọn méjìlá ló wá, yàtọ̀ sí ìyá mi. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé ló ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí aláró: "Àrẹdú o!" Àgbà wọn jẹ́ Àlàájà kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀. Mo ti dín méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì ti ti agolo mílíìkì sẹ́yìn igi ìdáná. Wọ́n pe orúkọ, wọ́n sọ̀rọ̀ aró, mo wá gbé àwo síwájú wọn, mo kúnlẹ̀.

"Kí lèyí?" Àlàájà bi mí.

"Àkàrà kajú ni, Mà."

"Kajú wo? Èyí tí ewúrẹ́ ń jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹ gbà mí o. Mo wẹ̀, mo lé tìróò, mo wá gba oúnjẹ ewúrẹ́." Ó mú ẹyọ kan, ó bù ú jẹ. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó mú òmíràn. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Kò mà ha mí lọ́fun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú wọn sílẹ̀. Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀. Màmá Kọ́bapẹ́ ń pariwo pé, "Kajú mi rèé? Kajú tí mo ti ń dà nù láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ? Irọ́ ni. Ápù ni ọmọ yìí kó pa mọ́!" Ẹnì kan mú márùn-ún, wọ́n sì bú u. Èmi kúnlẹ̀ síbẹ̀, mò ń kà á lọ nínú mi: ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́wàá, márùn-ún.

Màmá Kọ́bapẹ́ dìde lọ fọwọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó padà, ó fi ìka méjì gbé agolo kan dání bí ẹni gbé òkú eku. Mílíìkì tútù ṣì wà létí rẹ̀.

"Ta ló ń lo mílíìkì níbi tí wọ́n ti ń dín kajú?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi.

"Inú rẹ̀ ni mo rẹ kajú sí, Mà," ni mo wí.

Mi ò lè ṣàpèjúwe ariwo náà. Ẹnì kan di ikùn mú. Ẹnì kan ní kí wọ́n bá òun wá epo pupa, ìyá mi gbé ìgò wá, mẹ́rin nínú wọn sì ń já a gbà lẹ́nu ara wọn mu. Màmá Kọ́bapẹ́ ń ké pé kí wọ́n lọ sọ fún àwọn ọmọ òun ibi tí òun kó kóró kajú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo ti ń jẹ ẹ́," ni mò ń sọ. "Ẹ wò mí."

"Ọmọdé ni ẹ́, ara tìẹ ṣì le!"

Àlàájà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́ ná. Ìgbà wo ló máa ń pa èèyàn?"

"Kíá ni," ẹnì kan dáhùn.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ tèmi. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la ti jà lórí ẹni tó máa gbé bẹ́ǹṣì wá nígbà mìíràn. Ṣé òkú ló ń bá yín jà?"

"Àlàájà, nígbà mìíràn ó máa ń dúró di Àsárì."

"Àsárì ti tó. Ẹ jẹ́ ká kírun, ká wò ó."

Àwọn Mùsùlùmí ṣe àlùwàlá, wọ́n tò. Àwọn onígbàgbọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wò bóyá ẹnì kan máa forí kanlẹ̀ kó má dìde mọ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dìde, Màmá Kọ́bapẹ́ á fi ìka kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo wọn pé.

Èmi ń wo àwo. Mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí agolo ti jáde, mo sì ti ń rí àpótí ìjókòó mi lórí ọkàn.

Àlàájà ká ẹní rẹ̀, ó rìn wá síbi àwo, ó mú ẹyọ kan. "Bí ti tẹ́lẹ̀ ò bá pa mí, kí ni ìkan ṣoṣo yìí fẹ́ ṣe?"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ lè gbójú, Àlàájà," Màmá Kọ́bapẹ́ wí, ó mú èkejì. "Kajú mi sáà ni."

Ẹyọ kan kù. Wọ́n ń ró ìró, wọ́n ń wá bàtà, wọ́n ń dágbére fún ìyá mi. Mo rọra ti àwo náà síwájú ẹni tó sún mọ́ mi jù. Ó ní òun ti yó. Mo tì í sí ẹlòmíràn. Ó ní òun máa rántí mi nínú àdúrà. Gbogbo wọn lọ.

Ìyá mi gbé àwo, mo tẹ̀lé e. Kò tíì fẹnu kan ọ̀kankan láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, kí wọ́n má baà sọ pé ó gbè mí lẹ́yìn.

"Màámi, ẹyọ kan ló kù."

"Mo rí i."

"Ẹ ní bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù…"

"Mo mọ ohun tí mo sọ." Ó mú un, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń gbé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, ó fi èékánná tẹ etí rẹ̀ yíká. Ó wá jù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. "Láfún rẹ pọ̀ jù. Ó dì létí."

"Ṣíbí mẹ́ta ni mo lò fún kajú mẹ́wàá."

"Lo méjì." Ó gbé àwo òfìfo náà lé mi lọ́wọ́. "Kí o sì mọ ibi tó o máa ń fi agolo sí. Àfi bíi pé o fẹ́ kí wọ́n rí i."

Ó ránṣẹ́ sí aránṣọ pé kó má retí mi mọ́. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, Màmá Kọ́bapẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀ méjì wá, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin Ṣágámù yẹn.

Láfún ṣíbí méjì mú un dé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọdún kejì ni mo tó rí i pé kajú yẹ́lò máa ń di aṣọ mú ju pupa lọ, pàápàá èyí tí a já láàárọ̀ tí a sì dín kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó tún pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí fúláwà pípò sinmi fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí kajú tún jáde lọ́dún yìí, mo dín àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan. Mọ́kàndínláàádọ́ta jáde pẹ̀lú aṣọ lára.